Orí Kẹfà: Ọrún Kan, Ọjọ́ Mélòó?

Ní Òṣogbo, ilé kan wà tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná gbogbo Nàìjíríà. National Control Centre ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń gbé ìlú náà lè máa kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ kó má mọ̀ pé iná tó tàn ní Kánò lálẹ́ àná, ojú àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé yẹn ló wà lára rẹ̀. Wọn kì í mú iná jáde. Kàǹjí, Ẹ̀gbin àti àwọn ibùdó yòókù ló ń ṣe ìyẹn. Iṣẹ́ tiwọn ni pé kí iná tó ń wọlé àti èyí tí à ń lò máa bára dọ́gba, nọ́ńbà kan ló sì ń sọ fún wọn bóyá ó dọ́gba: 50 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí lílò bá ju iná lọ, nọ́ńbà náà á máa sọ̀ kalẹ̀. Bí iná bá ju lílò lọ, á máa gòkè. Òfin iṣẹ́ wọn fẹ́ kó wà láàárín 49.75 sí 50.25. Bó bá jìnnà jù sí ibẹ̀, àwọn ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ara wọn kúrò kí wọ́n má bàa bàjẹ́, òkùnkùn á sì ṣú láti ìlú dé ìlú. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Bí a bá ń kọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 86,400 ni yóò jẹ́ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ojú ènìyàn tó lè ka ìyẹn. A ní láti dì í: ní wákàtí-wákàtí, ní ọjọ́-ọjọ́, ní oṣù-oṣù. Bí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ṣe ń di ẹ̀fọ́ rẹ̀ ní ìdì-ìdì ni. Ewé tó já lóko kò yí padà, ṣùgbọ́n ìdì ni oníbàárà ń rí, ìdì ló ń dá iye lé. Títún àkókò dì ni mo máa pe iṣẹ́ yìí nínú orí yìí. Iṣẹ́ tó rọrùn láti ṣe ni. Òótọ́ tó lè sọnù síbẹ̀ kò kéré.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ kan. Ká ní wákàtí mẹ́tàlélógún, nọ́ńbà náà dúró sórí 50.0 láìmì. Ní wákàtí tó kù, iná lọ pátápátá, ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ náà kò rí nǹkan kọ, àyè ibẹ̀ sì ṣófo. Ẹnì kan wá ní kí kọ̀ǹpútà di ọjọ́ yẹn pọ̀ kó sì mú ìpíndọ́gba rẹ̀ jáde. Kọ̀ǹpútà á fo àyè òfo náà, á ro àwọn mẹ́tàlélógún yòókù pọ̀, á pín in, á sì dáhùn pé 50.0. Nínú ìwé, ọjọ́ yẹn ló dára jù lọ lọ́dún. Nínú ilé ìwòsàn tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò tètè dáhùn, ọjọ́ burúkú ni.

Irú ìdì tí a dì, àti ohun tí a ṣe sí inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé iná káàkiri, TCN, kéde pé ní ọjọ́ 4 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, iná tó wọlé ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: ó lé ní 5,800 mẹ́gáwáàtì. Wọ́n tún kéde àròpọ̀ ọjọ́ náà, tó lé ní 128,000 mẹ́gáwáàtì-wákàtí. Ẹ fi 24 pín àròpọ̀ yẹn, ẹ ó rí ohun tó tó 5,350. Ọjọ́ kan náà ni, dátà kan náà ni, síbẹ̀ nọ́ńbà méjì yìí fi ohun tó lé ní 400 mẹ́gáwáàtì jìnnà síra wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni góńgó tí iná dé fún ìwọ̀nba àsìkò. Èkejì ni bí ì bá ṣe rí ká ní iná dúró bákan náà tọ̀sán-tòru. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà rẹ̀ lè gbé e nílò góńgó. Ẹni tó fẹ́ gba owó iná nílò àròpọ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀kan sípò èkejì, àṣìṣe gidi ló ṣe.

Irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri ayé lónìí wà nínú pandas. Láíbìrì ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ìkàwé. Àkójọ irinṣẹ́ ni, tí ẹni tó ń fi èdè Python bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lè mú lò lọ́fẹ̀ẹ́. Wes McKinney, ọmọ Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2008 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn ènìyàn fi owó dókòwò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ owó ló bí i, ọ̀rọ̀ owó kò sì ṣe é yà sọ́tọ̀ kúrò lára aago. Ìdí nìyẹn tí irinṣẹ́ àkókò inú rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó kàn wá níbí ni resample. Ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ iná wákàtí-wákàtí lọ́wọ́ lè kọ báyìí:

iná.resample("D").mean()

"D" ni kó dì í lọ́jọ́-ọjọ́, mean ni kó mú ìpíndọ́gba wá. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo kọ "iná" pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Python gbà á. Mo ń sọ èyí fún àwọn ọmọ tó rò pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá débi orúkọ: ẹ lè fi ohùn sórí orúkọ yín níbẹ̀, iṣẹ́ á lọ.

Bí a bá fi sum rọ́pò mean, àròpọ̀ la ó rí. max á mú góńgó wá, last á mú èyí tó gbẹ̀yìn ìdì wá. Ìlànà kan tó ṣe kedere fún mímọ èyí tó yẹ, ọ̀dọ̀ òṣómàáló ni mo ti mú un. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú onílùú nìyẹn, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ta aṣọ ₦20,000, oníbàárà sì ń san ₦2,000 nígbàkigbà tó bá dé. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin, ìwé rẹ̀ ní òpó méjì. Nínú òpó owó tí wọ́n san: 2,000 lẹ́ẹ̀mẹrin, àròpọ̀ rẹ̀ 8,000, ó sì nítumọ̀. Nínú òpó gbèsè tó kù: 18,000, 16,000, 14,000, 12,000. Bí a bá ro ìyẹn pọ̀, 60,000 la ó rí, gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò jẹ rí. last ló yẹ òpó yìí, 12,000. Kọ̀ǹpútà kò ní kọ̀ láti ṣe èyí tí kò yẹ. Kò mọ gbèsè yàtọ̀ sí owó ọwọ́.

Ibi tó ṣòro jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni etí ìdì. Ibẹ̀ náà ni èdè wa ti ní ohun kan láti sọ tí ìwé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì kò ní.

Bí ìyàwó ilé bá bímọ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ wo la ó sọ ọ́ lórúkọ? Ọjọ́ kẹjọ, ìyẹn ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà yọ ọjọ́ ìbí kúrò nínú ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, méje ló máa sọ. Kò sí ẹni tó ṣìṣe nínú wọn. Yorùbá ka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó tún ka ọjọ́ tó parí. Kọ̀ǹpútà ń ka àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrún-ọrún, ọjọ́ mélòó ló wà láàárín ọjà kan àti òmíràn? Ẹ fi ìka kà á: òní tí ọjà wà ni ìka àkọ́kọ́, ọ̀la ìkejì, ọ̀tunla ìkẹta, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ìkẹrin, ọjọ́ ọjà mìíràn ìkarùn-ún. Ọrún ni, márùn-ún ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ló ń yí po, bí ọjọ́ Ifá, Ògún, Ṣàngó àti Ọbàtálá ṣe ń yí po. Ìtàdógún tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ fi ń dá èsúsú, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni àlàfo rẹ̀. Ọjọ́ ọjà jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń lọ, ó tún jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Etí méjèèjì la ń dì mọ́ra.

Kọ̀ǹpútà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń ro owó. Bó bá ka títà ọjọ́ ọjà mọ́ ìdì méjèèjì, owó á di méjì níbi tí ẹyọ kan wà. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fi etí kan fún ìdì kan, kó sì fi èkejì sílẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀. closed ni orúkọ ohun tí a fi ń sọ èyí tí a fẹ́: left ni pé ìdì ni etí tó ti bẹ̀rẹ̀, right ni pé òun ni etí tó parí sí.

Àpẹẹrẹ tó wà nínú ìwé ìlànà pandas fúnra rẹ̀ dára fún èyí. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni, nọ́ńbà 0 títí dé 8, a sì fẹ́ dì wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta kí a ro wọ́n pọ̀. Bí ìdì bá ni etí ìbẹ̀rẹ̀, 0, 1, 2 á jókòó pọ̀, àròpọ̀ wọn 3. 3, 4, 5 á jẹ́ 12. 6, 7, 8 á jẹ́ 21. Ìdì mẹ́ta. Bí ìdì bá ni etí ìparí, 0 á dá wà, nítorí pé ìdì tó parí sórí rẹ̀ ló ni ín. 1, 2, 3 á jẹ́ 6. 4, 5, 6 á jẹ́ 15. 7 àti 8 tó ṣẹ́kù á jẹ́ 15. Ìdì mẹ́rin. Ẹ ro ọ̀nà méjèèjì pọ̀, 36 ni. Kò sí nǹkan tó sọnù. Síbẹ̀ ẹni tó bá fi èyí àkọ́kọ́ yàwòrán á rí ohun tó ń gòkè tààrà, ẹni tó bá lo èkejì á rí ohun tó gòkè tó sì dúró sójú kan. Mo ti jókòó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ lórí àpẹẹrẹ yìí láìmọye ìgbà. Kò yé wọn títí mo fi bi wọ́n léèrè ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Èyí tó mú ọ̀rọ̀ náà le sí i ni pé irinṣẹ́ yìí kò ṣe bákan náà nígbà gbogbo bí a kò bá sọ nǹkan kan fún un. Bí a bá ń dì ní wákàtí tàbí ní ọjọ́, etí ìbẹ̀rẹ̀ ló ń mú. Bí a bá ń dì ní ọ̀sẹ̀, ní ìparí oṣù tàbí ní ìparí ọdún, etí ìparí ló ń mú. Ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì ń parí lọ́jọ́ Àìkú àyàfi bí a bá yàn án lọ́tọ̀. Ìdí wà fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka ìwé ìlànà kò lè fi làákàyè mọ̀ ọ́n. Láti ẹ̀dà 2.2 tó jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, wọ́n sọ "M" tó dúró fún oṣù di "ME" kí ó lè hàn pé ìparí oṣù ni. Inú mi dùn sí àtúnṣe yẹn ju ọ̀pọ̀ ohun ńlá tí wọ́n ṣe lọ, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi kún un, ó sì dáhùn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn kì í rántí bi.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé ọjà lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá kan ń ta tòmátì ní ọjà ọlọ́rún kan ní ìgbèríko Ìjẹ̀ṣà. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá ló ń tà ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, kò dín, kò lé. Ọmọ rẹ̀ tó ti kàwé ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì dì í ní ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, láti Ajé dé Àìkú, nítorí bí gbogbo ènìyàn ṣe ń dì í nìyẹn. Ọjà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó tún bọ́ sí Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀: Ajé àti Ẹtì bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ kìíní, Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta sínú èkejì, Ọjọ́rú àti Àìkú sínú ẹ̀kẹta. Ọ̀sẹ̀ kẹrin kò ní ju Ọjọ́bọ̀ nìkan lọ. Ohun tí ọmọ náà á rí nínú ìwé ni apẹ̀rẹ̀ 20, 20, 20, 10. Ní gbogbo ọjọ́ 28, ọjà ìyá rẹ̀ á máa fi ìdajì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bíi pé ohun kan ń ṣe é. Ó lè ní kí ìyá òun má gbé ẹrù wá lọ́sẹ̀ kẹrin. Ó lè wá ìdí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ owó oṣù ìjọba, sọ́dọ̀ òjò, sọ́dọ̀ ọ̀tá. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọjà. Ìdì ni kò bá ọjà mu.

Ẹni tó ń ná ọjà náà láti kékeré kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí, nítorí ọrún ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé fún wa ló mú wa gbàgbé pé ọlọ́jọ́ méje kì í ṣe ìdì kan ṣoṣo tó wà láyé.

Bí ọmọ náà bá wá gbọ́n, tó ní kí kọ̀ǹpútà máa dì í ní wákàtí 96, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin, ìdì kọ̀ọ̀kan á ní ọjà kan, 10 á sì tẹ̀ lé 10 títí lọ. Ṣùgbọ́n níbo ni ìdì àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀? Bí a kò bá sọ, pandas á bẹ̀rẹ̀ láti òru ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá wà nínú àkọsílẹ̀. Ìwé tìrẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, tèmi lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ọjà, a ó sì máa fi ìdì tó ta kora wé ara wọn. origin ni a fi ń sọ ọjọ́ tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀; láti ẹ̀dà 1.1 tó jáde ní 2020 ló ti wà níbẹ̀. Ó yẹ kí a fún un ní ọjọ́ ọjà kan tó dá wa lójú, kí gbogbo ìwé máa kà láti ibẹ̀. Àpẹẹrẹ tí àwọn tó kọ ìwé ìlànà náà lò fún origin, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni, nítorí 17 kò pín wákàtí mẹ́rìnlélógún dọ́gba, bí àwọn ìdì bá sì ti kúrò lórí ìlà, wọn kì í padà sórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ìtàdógún ni ọkàn mi lọ bá.

Nígbà tí mo sọ pé wákàtí 96 jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, Nàìjíríà ni mo ń sọ. Aago wa kì í sún síwájú, kì í sún sẹ́yìn. Ọmọ Òṣogbo tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé ní oṣù Ẹrẹ́nà àti oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n ń yí aago níbẹ̀, ọjọ́ kan á jẹ́ wákàtí 23, òmíràn á jẹ́ 25. Ẹni tó ń ka wákàtí níbẹ̀ á rí i pé ìdì òun ti yẹ̀ kúrò lórí òru.

Òjò ló fi ìyókù kọ́ mi. Àgbẹ̀ kòkó kan wà nítòsí Iléṣà, bàbá àgbà, tó ní ike ìwọ̀n òjò lẹ́yìn ilé, tó sì ń kọ mìlímítà òjò sínú ìwé lójoojúmọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà kí n da ìwé náà kọ sínú kọ̀ǹpútà. Mo dì í lóṣù-oṣù, mo ro ó pọ̀, mo yàwòrán rẹ̀, mo sì gbé e lọ fún un pẹ̀lú ayọ̀. Bàbá wo àwòrán náà pẹ́. Ó fi ìka sí oṣù kan nínú ìgbà òjò tí òpó rẹ̀ kò sí rárá.

"Ọmọ mi, kí lèyí?"

"Bàbá, òjò kò rọ̀ lóṣù yẹn, sà. Òdo ni."

Ó mi orí. "Òjò rọ̀ lóṣù yẹn. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo lọ. Èmi ni mi ò sí nílé, òjò wà."

Mo padà lọ wo iṣẹ́ mi. Nínú ìwé Bàbá, àyè oṣù yẹn ṣófo, bó ṣe yẹ kó rí. Mo da á kọ ní òfo sínú kọ̀ǹpútà, ìyẹn náà dára. sum ló sọ òfo di òdo. Láti ẹ̀dà 0.22 tó jáde ní ìparí 2017, àròpọ̀ ohun tí kò ní nǹkan kan nínú ni pandas ń pè ní 0. Ìṣirò ni ìdí rẹ̀: ẹni tó bá ro apẹ̀rẹ̀ òfìfo pọ̀, òdo ló ní lọ́wọ́. Ìyẹn tọ́ fún owó. Fún òjò, ó burú. "A kò wọ̀n ọ́n" àti "kò rọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, àgbẹ̀ tó bá sì gba èkejì gbọ́ lè rò pé ọdún ọ̀dá ni ọdún yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wo àìsàn náà sàn: min_count=1, ìyẹn ni pé kó má ro ìdì kankan tí kò bá ní ó kéré tán nọ́ńbà gidi kan nínú. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé ìlànà. N kò kà á dé ibẹ̀.

Bàbá tún bi mí ní nǹkan kejì lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òjò ńlá kan tó rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìkómọ ládùúgbò, kí ló dé tí mo fi í sí ọjọ́ kejì rẹ̀? Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Àárọ̀ ló máa ń wo ike. Òjò tó bá rọ̀ lọ́sàn-án òní, àárọ̀ ọ̀la ló máa rí i, ọjọ́ ọ̀la ló sì máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan: bí wọ́n ṣe ń ka ìwọ̀n òjò ọjọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi láyé nìyẹn, láti àárọ̀ dé àárọ̀, kì í ṣe láti òru dé òru. Orúkọ tí a fún ìdì yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú rẹ̀, pandas sì ní label fún un: ṣé ọjọ́ tí ìdì bẹ̀rẹ̀ la ó fi pè é ni, tàbí ọjọ́ tó parí? closed ń pín ẹrù. label kàn ń lẹ orúkọ mọ́ ọn ni. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ìwé Bàbá wé òjò tí sátẹ́láìtì rí, ó tún ní láti rántí pé aago Greenwich ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ti sátẹ́láìtì. Nígbà tí òru bá gànjọ́ níbẹ̀, aago kan òru ti lù ní Iléṣà.

Ìwọ̀n ìdì náà ṣe pàtàkì fún òjò ilẹ̀ wa. Ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òjò ní góńgó méjì lọ́dún, ó sì máa ń sinmi díẹ̀ láàárín wọn, nígbà tí oṣù Agẹmọ bá ń lọ sí oṣù Ògún, ní ìgbà tí àwọn ènìyàn ń múra ọdún Ọ̀ṣun. Bí a bá dì í lóṣù-oṣù, ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kan tó sì parí láàárín èkejì lè fara pa mọ́ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òjò fún àgbẹ̀ fi ń pín oṣù sí mẹ́ta: ọjọ́ kìíní dé kẹwàá, kọkànlá dé ogún, àti ìyókù. Ẹni tó bá wá sọ fún pandas pé kó máa dì ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá kò tíì ṣe ohun kan náà, nítorí ìyókù oṣù lè jẹ́ mẹ́jọ, ó lè jẹ́ mọ́kànlá, kíkà mẹ́wàá á sì ti fò ó kọjá.

Títí di ìsinsìnyí, ìdì kékeré la ti ń sọ di ńlá. A tún lè yí i padà, kí a gbé ohun tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún púpọ̀ kí a tú u sí ọdọọdún. Ìkànìyàn ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Ní 1991, wọ́n ka àwọn ènìyàn Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀. Ní 2006, 3,416,959. Ẹ ní kí interpolate kún àárín rẹ̀, á fa ìlà gbọọrọ láti ọ̀kan dé èkejì, á fi bíi 84,000 ènìyàn kún un lọ́dọọdún, ọdún mẹ́rìnlá á sì ní nọ́ńbà tó dùn ún wò. Kò sí ẹni tó ka èyíkéyìí nínú wọn. ffill ní tirẹ̀ kì í fa ìlà. Nọ́ńbà tó rí gbẹ̀yìn ló ń gbé lọ síwájú títí òmíràn á fi dé. Wọ́n sún ìkànìyàn tó yẹ kó wáyé ní 2023 síwájú, kò sì tíì sí òmíràn. Ẹni tó bá ṣì ń fi 2006 pín ilé ìwé, oògùn tàbí owó lónìí, ffill ló ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Mo gbà pé kíkún àlàfo wúlò nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí a wọ̀n àti èyí tí a fi kún un kò gbọ́dọ̀ wà nínú òpó kan náà láìsí àmì.

Ọ̀rọ̀ mi kù sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìlànà irinṣẹ́ báyìí ní èdè Yorùbá. Ẹ má kàn tú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò nílò láti ṣàlàyé pé ẹnì kan lè ka etí méjèèjì, nítorí àwọn tó kọ ọ́ kì í kà á bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé tiyín ń kà á bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹ bá dé orí closed, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹjọ. Bí ẹ bá dé orí origin, ẹ fi ọjà ọlọ́rún ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí 20, 20, 20, 10 hàn kedere lójú ìwé. Ẹ kọ ohun tí sum ń sọ òfo dà sí ìlà àkọ́kọ́, ẹ má fi sí ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kì í dé. Ẹ sì fi nọ́ńbà tí ènìyàn lè fi ìka kà ṣe gbogbo àpẹẹrẹ yín, kí òǹkàwé lè dán an wò láìtan kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́, ní ilé ìwé, ní ilé ìwòsàn, ní ibi omi ẹ̀rọ, ẹ kọ aago tí ẹ ń wò ó sí ojú ewé àkọ́kọ́. Bàbá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí tirẹ̀. Lẹ́yìn èèpo ìwé náà, ó kọ ọ́ pé aago méje àárọ̀ ni òun ń wo ike, àti pé ọjọ́ tí òun kò bá sí nílé, òun á fa ìlà sí àyè rẹ̀, òun kò ní kọ òdo.